Ohun tí erin jẹ ní ọdún 500 sẹ́yìn ṣì wà nínú eyín rẹ̀

1/ Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ fara balẹ̀ ná. Ọkọ̀ ojú omi kan rì ní 1533 nígbà tó ń lọ sí Íńdíà. Eyín erin tó lé ní 100 wà nínú rẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níbí ni àwọn erin náà sì ti wá. Lónìí, a mọ irú oúnjẹ tí wọ́n jẹ kí wọ́n tó pa wọ́n. Báwo? Ẹ máa bá mi bọ̀.

2/ Bom Jesus lorúkọ ọkọ̀ náà, àwọn Potogí ló ni ín. Ní 2008, àwọn tó ń wa dáyámọ́ǹdì ní etíkun Nàmíbíà, nítòsí Oranjemund, ló ṣèèṣì kàn án. Owó wúrà tó lé ní 2,000 wà níbẹ̀, ìṣù bàbà rẹpẹtẹ, àti eyín erin wọ̀nyẹn. Bàbà yẹn gan-an àti òkun tó tutù níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí eyín náà jẹrà.

3/ Kí ló kàn wá? Àwọn Potogí ti ń ná ọjà lọ́dọ̀ wa kí ọkọ̀ yẹn tó rì. Duarte Pacheco Pereira, tó kọ̀wé láàrin 1505 sí 1508, dárúkọ Ìjẹ̀bú. Ó ní ìlú ńlá ni, yàrà ńlá sì yí i ká. Ó ní ẹrú ni wọ́n ń rà níbẹ̀, ẹ̀gbà idẹ 12 tàbí 15 fún ẹnì kan, àti eyín erin. Ẹ tún un kà: ẹ̀gbà 12, odidi ọmọ èèyàn.

4/ Ìwé ọjà nìyẹn. Iye tí nǹkan jẹ́ ló ká a lára. Ibi tí erin ń gbé, ohun tó ń jẹ, ìyẹn ò sí nínú ẹ̀. Eyín fúnra rẹ̀ ló kù tó lè sọ ọ́.

5/ Mi ò ní sọ gírámà fún yín. Kábọ́ọ̀nù wà nínú gbogbo ewéko. Ọ̀kan fúyẹ́, wọ́n ń pè é ní 12. Ọ̀kan wúwo díẹ̀, òun ni 13. Áísótóòpù nìwọ̀nyẹn, wọn kì í bàjẹ́, wọn kì í yí padà. Igi, èso igbó, iṣu, ẹ̀gẹ́: 13 inú wọn kéré. Koríko ọ̀dàn, àgbàdo, ọkà bàbà, ìrèké: tiwọn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

6/ Ohun tí ẹ̀dá bá jẹ ló fi ń kọ́ ara. Ní 1978, van der Merwe àti Vogel fi ọgbọ́n yìí yẹ egungun èèyàn wò ní Àríwá Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí àgbàdo di oúnjẹ wọn. Àgbàdo tí ìwọ náà ń jẹ ní Ìkòròdú ti kọ orúkọ sínú egungun rẹ, o ò kàn mọ̀ ni. Náítírójìn náà ń jẹ́rìí: ó máa ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá ilẹ̀ tí ẹran ti jẹun gbẹ tàbí ó tutù.

7/ Ní 2020, Alida de Flamingh, Ashley Coutu àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àbájáde wọn lórí eyín Bom Jesus jáde. DNA sọ pé erin igbó ni wọ́n, ó kéré tán láti agbo 17. Nínú 17 yẹn, 4 péré ni wọ́n rí ìdílé wọn lára erin òde òní tí wọ́n ti yẹ̀ wò.

8/ Ibi tí áísótóòpù ti ya èèyàn lẹ́nu rèé. Erin igbó ni o, àmọ́ inú igbó kìjikìji kọ́ ni wọ́n ń gbé. Ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ni wọ́n ti ń jẹun. Àwọn kan ti rò pé ìgbà tí ọdẹ pa erin ọ̀dàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, ni erin igbó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ síbẹ̀. Eyín ní irọ́ ni, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀.

9/ Ẹ má gbọ́ mi lódì: ìwádìí náà ò dárúkọ Ìjẹ̀bú tàbí ìlú kankan. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sọ, ibẹ̀ ni mo dúró sí.

10/ Àmọ́ erin igbó ṣì wà nítòsí wa, nínú igbó ọba Omo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní 2021, àjọ IUCN kọ erin igbó mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n run pátápátá. Agégẹdú wà nínú igbó yẹn, oko kòkó náà wà níbẹ̀. Tí erin bá wá yọ lẹ́bàá oko, àwa la máa pariwo pé ó jáde kúrò ní ààyè ẹ̀. Ààyè ẹ̀ wo? Àwọn baba ńlá ẹ̀ jẹun nínú igbó, wọ́n tún jẹun ní gbangba. Mi ò ní kí àgbẹ̀ má jẹun o. Mo ní tí ìjọba bá ń pín ilẹ̀, igbó kékeré kan ò tó erin.

11/ Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba lọ eyín erin tó tó tọ́ọ̀nù 2.5 lúúlúú ní Àbújá, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i tà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tèmi ni pé nígbàkígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ lọ òmíì, kí wọ́n kọ́kọ́ mú èérún díẹ̀ pa mọ́ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìtàn ni.

12/ Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú: oko tàbí abúlé wo lọ́dọ̀ yín ló ń jẹ́ orúkọ erin? Ẹ bi àwọn àgbà, kí ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Gbogbo ẹ̀ ni mo máa kà.