Ìdíje Ìtọ́wò Wáìnì ti Párísì, 1976

Ìdíje ìtọ́wò wáìnì ti Párísì wáyé ní ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún 1976, ní òtẹ́ẹ̀lì InterContinental. Adájọ́ mẹ́sàn-án, ọmọ Faransé ni gbogbo wọn, tọ́ wáìnì ilẹ̀ wọn àti ti California wò láìmọ èyí tó wà nínú ife. Steven Spurrier, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta wáìnì ní Párísì, àti Patricia Gallagher, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló ṣètò rẹ̀. Ọdún yẹn ni Amẹ́ríkà pé 200 ọdún tó ti kéde òmìnira, ìyẹn ni wọ́n sì rí dì mú láti gbé wáìnì tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ní Párísì síwájú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀. Lára wọn ni Odette Kahn, olóòtú La Revue du vin de France, àti Aubert de Villaine ti Domaine de la Romanée-Conti.

Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ wò

Wáìnì funfun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: Chardonnay mẹ́fà láti California, mẹ́rin láti Burgundy. Lẹ́yìn náà ni pupa dé: Cabernet California mẹ́fà, Bordeaux mẹ́rin. Máàkì 20 ni adájọ́ kọ̀ọ̀kan ní fún ìgò kan. Wọ́n á wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á fi ẹnu tọ́ ọ, wọ́n á sì wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe bára mu. Nínú funfun, kíkan rẹ̀ ni ahọ́n kọ́kọ́ ń wá. Pupa ní tirẹ̀ máa ń fa ahọ́n bí ìgbà tí èèyàn bu kajú tí kò tíì pọ́n jẹ, pàápàá tí kò bá tíì pẹ́ nínú ìgò.

George Taber ti ìwé ìròyìn Time nìkan ni akọ̀ròyìn tó wà níbẹ̀. Òun ló ròyìn pé adájọ́ kan mu wáìnì funfun kan, ó ní òun ti padà dé Faransé nìyẹn. Àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ìgò wà lọ́wọ́ Taber: wáìnì Napa, ní California, ni ọ̀gbẹ́ni náà ń yìn.

Àbájáde

Chateau Montelena 1973 ti California ló gba ipò kìíní nínú funfun. Mike Grgich, tí wọ́n bí ní Croatia, ló pọn ọ́n. Nínú pupa, Stag's Leap Wine Cellars 1973, ti California náà, fi máàkì 127.5 borí Mouton-Rothschild 1970 ti Bordeaux tó gba 126. Nígbà tí Kahn gbọ́ èsì, ó ní kí wọ́n dá ìwé máàkì òun padà, Spurrier ò sì gbà.

Ohun tí àwọn máàkì yẹn fi hàn gan-an ni wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí. Máàkì kan ààbọ̀ láàárín adájọ́ mẹ́sàn-án kéré. Ká ní ẹyọ ẹnì kan nínú wọn fi máàkì méjì kún ti Mouton ni, èsì ì bá yí padà. Yàtọ̀ sí ẹni kìíní, Bordeaux ló gba ipò kejì, ìkẹta àti ìkẹrin, California ló sì gba mẹ́rin tó kẹ́yìn. Nítorí náà, ó jọ pé ohun tí a lè sọ láìṣiyèméjì ò ju pé àwọn adájọ́ ò lè fi ẹnu ya ilẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Àwọn ará Faransé ní Bordeaux ọdún 1970 ò tíì gbó tó láti mu. Àwíjàre yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́ láti ọdún 2006, tí wọ́n tún àwọn pupa ọ̀hún tọ́ wò ní Napa àti London: California ló kó ipò márùn-ún àkọ́kọ́, Ridge Monte Bello 1971 ló sì ṣíwájú.

Ìgò Montelena àti Stag's Leap ti ọdún 1973 wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington.