Nígbà Tí Owó Ogun Dáwọ́ Dúró: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Afghanistan

 

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ nígbàkígbà tí ogun bá ń jà ní ilẹ̀ àwọn mùsùlùmí. Àwọn èèyàn á ní kí àwọn ìjọba ńláńlá ṣáà dáwọ́ ohun ìjà tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ dúró, ogun náà á tán. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ti dán an wò rí, tí àwọn alágbára ayé méjèèjì jọ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1978 ni àwọn kọ́múnísìtì fi ìbọn gba ìjọba ní Kabul. Wọ́n fi agbára yí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó padà, wọ́n ju àwọn alùfáà sẹ́wọ̀n, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ará ìgbèríko bá dìde. Nígbà tó di ìparí oṣù kejìlá ọdún 1979, Sófíẹ̀tì kó ọmọ ogun wọ ilẹ̀ náà, wọ́n pa Hafizullah Amin tó jẹ́ kọ́múnísìtì bíi tiwọn, wọ́n sì fi Babrak Karmal jókòó. Amẹ́ríkà náà gba ẹ̀yìn Pakistan, ó ń kó owó àti ohun ìjà fún àwọn tó ń bá Sófíẹ̀tì jà, àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí mùjáhídíìnì. Iye tí Amẹ́ríkà bá mú wá, Saudi Arabia ń mú irú rẹ̀ wá.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹgbẹ́ méje ni ìjọba Pakistan fọwọ́ sí ní Peshawar. Olórí ogun tó bá fẹ́ ìbọn gbọ́dọ̀ wọ ọ̀kan nínú wọn, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Pakistan ló sì ń pín in. Gulbuddin Hekmatyar ni wọ́n fún ní ìpín tó pọ̀ jù. Kí ni èyí túmọ̀ sí? Ẹni tí oúnjẹ àti ọta ìbọn rẹ̀ ń wá láti ìta kò nílò àtibá aládùúgbò rẹ̀ ṣọ̀rẹ́. Kò nílò kí ará abúlé fẹ́ràn òun. Bákan náà ló rí ní Kabul, níbi tí ìjọba ti ń jẹun lọ́wọ́ Moscow. Àwọn àgbà ní àgbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ìhà méjèèjì ló gbójú lé ogún olóògbé tí kò tíì kú.

Ní ọdún 1986 wọ́n yọ Karmal, wọ́n fi Najibullah sípò. Dókítà oníṣègùn ni, ṣùgbọ́n òun ló ti ń darí àwọn ọlọ́pàá inú tó ń dá àwọn èèyàn lóró. Ó yí ohùn padà nígbà tó débẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìlàjà, òfin ọdún 1987 sì ní Ìsìláàmù ni ẹ̀sìn ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbà á gbọ́.

Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Geneva ní oṣù kẹrin ọdún 1988. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 1989, Ọ̀gágun Boris Gromov rìn kọjá afárá odò Amu Darya, wọ́n ní àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì ti lọ tán. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò, títí kan àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ni pé Najibullah kò ní lò ju oṣù mélòó kan lọ. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn àwọn mùjáhídíìnì ya bo Jalalabad. Wọ́n jà fún oṣù púpọ̀, wọn ò rí i gbà.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn ọmọ ogun ló lọ. Owó kò lọ. Bàálù Sófíẹ̀tì ṣì ń já sí Kabul, ìyẹ̀fun, epo àti rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń kó wá. Owó yìí ni Najibullah fi ń san owó fún àwọn jàgùnjàgùn tí kì í ṣe ọmọ ogun ìjọba gan-an, èyí tó lágbára jù nínú wọn ni ti Abdul Rashid Dostum ní àríwá. Ọdún mẹ́ta ni ó fi wà bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni ìdìtẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Moscow tí kò sì yọrí. Ní ọjọ́ 13 oṣù tó tẹ̀ lé e, James Baker ti Amẹ́ríkà àti Boris Pankin ti Sófíẹ̀tì jọ kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1992, kò sí ẹni tí yóò fi ohun ìjà ránṣẹ́ sí ìhà kankan mọ́. Kí ọjọ́ náà tó pé, Sófíẹ̀tì fúnra rẹ̀ ti túká.

Ìyókù kò pẹ́ rárá. Epo tán, bàálù ogun kò lè gbéra. Owó tán, Dostum kẹ̀yìn sí ọ̀gá rẹ̀, Mazar-i-Sharif sì bọ́ ní oṣù kẹta. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà Najibullah kéde pé òun yóò fi ipò sílẹ̀. Ní àárín oṣù kẹrin ó gbìyànjú láti sá lọ, àwọn èèyàn Dostum dí i lọ́nà pápákọ̀ òfurufú, ó bá sá sí ọgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin ó lé. Àwọn ọmọ ogun tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣẹ́gun ní Jalalabad túká láàárín oṣù mẹ́rin láìsí ogun ńlá kan.

Ṣé ogun wá tán? Ogun kò tán o. Àwọn ọ̀gá ọmọ ogun àtijọ́ pín ara wọn sọ́dọ̀ àwọn mùjáhídíìnì, ọ̀pọ̀ wọn tẹ̀ lé ẹ̀yà wọn: àwọn kan sọ́dọ̀ Hekmatyar, àwọn kan sọ́dọ̀ Ahmad Shah Massoud. Ohun ìjà tí Moscow kó sílẹ̀ ni wọ́n pín bí ogún bàbá wọn. Wọ́n ṣe àdéhùn kan ní Peshawar ní oṣù kẹrin ọdún 1992, pé kí Sibghatullah Mojaddedi ṣe olórí fún oṣù méjì, kí Burhanuddin Rabbani gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Hekmatyar kò gbà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ló fi dáhùn. Pakistan, Iran àti Saudi Arabia kò sí nínú àdéhùn Baker àti Pankin, oníkálukú wọn sì ń ran ẹgbẹ́ tó fẹ́ lọ́wọ́. Kabul, tí ogun Sófíẹ̀tì kò fi bẹ́ẹ̀ wó, ọwọ́ àwọn tó ń kírun papọ̀ ni ó ti wó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá èèyàn ló kú níbẹ̀ láàárín ọdún 1992 sí 1996. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ìsáǹsá tó padà wálé ní ọdún 1992, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Kabul ń di ẹrù tiwọn láti jáde.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Ní oṣù kẹta ọdún 1993, àwọn olórí wọ̀nyí ṣe àdéhùn tuntun ní Islamabad. Láti ibẹ̀ wọ́n lọ sí Makkah, wọ́n sì búra níbẹ̀ pé àwọn yóò pa á mọ́. Gbogbo wọn ló mọ ohun tí Súrátul-Hujuráàt sọ nípa ìjọ onígbàgbọ́ méjì tó bá ń bá ara wọn jà. Kò pẹ́ tí wọ́n padà sílé tí ìbọn tún fi ń dún. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1994, Hekmatyar, tó ti ní òun kò lè bá àwọn kọ́múnísìtì jókòó, ló wá pa pọ̀ mọ́ Dostum, ẹni tó jagun fún kọ́múnísìtì fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti lé Rabbani kúrò. Ní àwọn ọdún yẹn kan náà, Amẹ́ríkà ń wá rọ́kẹ́ẹ̀tì Stinger tó ti fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ rà padà, ní iye tó ju èyí tí wọ́n fi ṣe é lọ. Kò rí gbogbo rẹ̀ gbà.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé kí wọ́n máa bá owó ogun lọ ni? Rárá. Owó yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ bí a ṣe ń gbà fún ara ẹni. Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé wọ́n dá owó dúró kí wọ́n tó parí ìjà. Benon Sevan, aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ń sáré káàkiri pẹ̀lú ètò ìjọba onígbà díẹ̀, ìkéde Najibullah sì wà lára ètò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò rẹ̀ fi máa gbéra, apò ti gbẹ, kò sì sí ohun tó kù tí a lè fi fa ẹnikẹ́ni wá sídìí tábìlì. Bí ó bá jẹ́ pé ọdún 1989 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìlàjà náà, nígbà tí Moscow àti Washington ṣì ní ohun tí wọ́n lè fà sẹ́yìn, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá rí bákan mìíràn.

Láti inú ìdàrúdàpọ̀ yìí ni Taliban ti jáde ní Kandahar ní ọdún 1994. Nígbà tí wọ́n gba Kabul ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1996, wọ́n fa Najibullah jáde nínú ọgbà náà, wọ́n sì pa á.

Ọ̀pọ̀ yín rí apá kejì fúnra yín lórí fóònù ní ọdún 2021. Amẹ́ríkà ti bá Taliban ṣe àdéhùn ní Doha ní oṣù kejì ọdún 2020 láìsí ìjọba Kabul níbẹ̀. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ tó ń tún bàálù ogun ṣe lọ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun, bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, Kabul sì bọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ. Lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe owó ogun nìkan ló dúró. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí ìjọba ń ná ló ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Ìyẹn náà dúró, Amẹ́ríkà sì ti nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là méje tí báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ náà kó pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ pa. Àwọn olùkọ́ àti àwọn nọ́ọ̀sì tí kò gbé ìbọn rí lọ́jọ́ ayé wọn ń lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìgba owó oṣù.