Dorset, Ẹkùn Àwọn Àgbẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí a bá dárúkọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lọ́ńdọ̀nù ni ọkàn wa kọ́kọ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n ní ìhà gúúsù, létí òkun, ni ẹkùn kan wà tí à ń pè ní Dorset, níbi tí ó jẹ́ pé nígbà àtijọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìṣọ́ àgùntàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun.

Ilẹ̀ àtijọ́ ni. Kí àwọn ará Róòmù tó dé ni ẹ̀yà Durotriges ti ní odi ńlá ní Maiden Castle. Ní nǹkan bí ọdún 705 ni Aldhelm di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Sherborne; láti Wimborne sì ni obìnrin kan, Lioba, ti lọ ran Boniface lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ìhìnrere ní ilẹ̀ Jámánì. Mo mẹ́nu ba ìwọ̀nyí ní kíákíá, nítorí ọ̀rọ̀ abúlé kékeré kan, Tolpuddle, ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí ọ̀rúndún 19 fi bẹ̀rẹ̀, àwọn onílẹ̀ ńlá ti fi ọgbà ká púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí àwọn tálákà ń da ẹran sí. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ mọ́ di alágbàṣe. Owó ọ̀sẹ̀ kan ní Tolpuddle jẹ́ ṣílè 9. Ó di 8, ó di 7, a sì tún sọ fún wọn pé yóò di 6. Báwo ni baba ọlọ́mọ yóò ti fi èyí bọ́ ilé? Ní 1833, George Loveless, alágbàṣe tí ó tún jẹ́ oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n a di ojú ẹni tí ń wọlé, wọn a sì mú un búra pé kò ní tú àṣírí. Èmi kò ní yin irú ìbúra bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n ẹ̀rù àwọn ọ̀gá ni ó sún wọn dé ibẹ̀.

Láti 1824 ni òfin ti gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láàyè. Nítorí náà ni àwọn alágbára ẹkùn náà, tí James Frampton onílẹ̀ wà níwájú wọn, fi lọ fa òfin 1797 yọ, èyí tí a ṣe nítorí ọ̀tẹ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ní February 24, 1834, a mú ọkùnrin 6: George àti James Loveless tí í ṣe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, Thomas Standfield àti John ọmọ rẹ̀, James Brine àti James Hammett. Ní Dorchester ni a ti dá wọn lẹ́jọ́: ìgbèkùn ọdún 7 ní òkè òkun. A kó Loveless lọ sí erékùṣù tí à ń pè ní Tasmania nísinsin yìí, àwọn yòókù sí New South Wales. Nígbà tí àwọn aya wọn tọrọ ìrànlọ́wọ́ tí a ń fún òtòṣì, a kọ̀ fún wọn.

Ariwo ta. Ní April 21, 1834, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rìn ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí wọn, àwọn ẹ̀bẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ ìjọba, títí a fi dárí jì wọ́n ní 1836. Ọdún kan kọjá kí Loveless tó fojú kan ilé. Hammett kò dé títí di 1839.

Àwọn 5 kó lọ sí Kánádà nígbẹ̀yìn. Hammett nìkan ni ó padà gbé Tolpuddle. Ó kú ní 1891 ní ilé àwọn òtòṣì ní Dorchester, a sì sin ín sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì abúlé rẹ̀. Òkúta tí ó wà lórí ibojì rẹ̀, ọdún 1934 ni a tó gbé e síbẹ̀.