Ọ̀rọ̀ Tó Ṣeé Fi Pàṣẹ: Èdè Yorùbá Lẹ́yìn Kámẹ́rà

Ọdún 2001 ni Mark Ruppert àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdíje 48 Hour Film Project ní ìlú Washington ní Amẹ́ríkà, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú lágbàáyé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ṣẹ́ kèké láti mọ irú eré tí yóò ṣe, ì báà jẹ́ ti ẹ̀rín, ti ẹ̀rù tàbí ti ìfẹ́. Wọ́n á tún fún gbogbo wọn ní ẹ̀dá ìtàn kan, ohun èlò kan àti gbólóhùn kan tó gbọ́dọ̀ wà nínú fíìmù wọn. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ eré náà, kí wọ́n yà á, kí wọ́n tò ó, kí wọ́n sì gbé fíìmù tí kò dín ní ìṣẹ́jú 4, tí kò sì ju ìṣẹ́jú 7 lọ kalẹ̀.

Bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá fẹ́ fi Yorùbá ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀rọ̀ wo ni wọn yóò máa bá ara wọn sọ? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú eré ni mò ń wí. Láti ìgbà tí Ọlá Balógun ti gbé Àjàní Ògún jáde lọ́dún 1976 la ti ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu òṣèré nínú sinimá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kámẹ́rà ló kù. Òṣèré á sọ ìjìnlẹ̀ Yorùbá tán, olùdarí á sì pariwo "Cut!"

Èrò tèmi ni pé ká yá orúkọ irinṣẹ́, ṣùgbọ́n ká fi Yorùbá pe iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kámẹ́rà, màíkì àti bátìrì ti di tiwa. Ẹni tó bá ní ká máa pe kámẹ́rà ní "ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán tó ń rìn" ò tíì dúró níbi tí oòrùn ti ń wọ̀, tí ìran méjì ṣì kù láti yà. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé pè lẹ́ẹ̀kan náà kò wúlò níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ohun tí a nílò ló ti wà nílé. Àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ti fún wa ní ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn àti ìran. Àwọn onítíátà fún wa ní òṣèré àti olùdarí. Nígbà tí fídíò dé, a rí àgbéléwò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ ohun tí à ń ṣe: a gbé e sílé, a sì ń wò ó.

Àṣẹ ló yẹ ká mójú tó báyìí. Olùdarí á bèèrè pé, "Ohùn ńkọ́?" Onímàíkì á dáhùn, "Ó ń wọlé!" "Kámẹ́rà ńkọ́?" "Ó ń ká a!" "Ó yá!" Eré bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá fẹ́ kí wọ́n dúró, "Ó tó!" ti parí rẹ̀. Kí oníkámẹ́rà sì máa gbọ́ "Sún mọ́ ọn," "Fà sẹ́yìn," "Tẹ̀ lé e," àti "Ojú nìkan."

Àwọn ọ̀rọ̀ kan nílò ìṣọ́ra. Bí a bá fi ì- ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ láti ara yà, ìyà la ó máa jẹ. Nítorí náà, fún ohun tí kámẹ́rà bá yà láìdúró, tí òyìnbó ń pè ní "shot", mo fara mọ́ ẹyọ. Lójú pátákó tí wọ́n ń gbé síwájú kámẹ́rà, ẹ kọ ọ́ báyìí: Ìran kẹrin, ẹyọ kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Ònkà wa ti yanjú èyí tó gbẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ti sọ pé ìgbà kẹta tí a ó yà á nìyí. Màíkì tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá náà, màíkì orí ọ̀pá ni kí a pè é, nítorí iṣẹ́ mìíràn ni ọlọ́pàá ń ṣe.

Olóòtú ti pọ̀ jù lọ́wọ́ wa: ti ìwé ìròyìn wà, ti ètò orí rédíò wà. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà mọ́jú ọjọ́ Àìkú, atofíìmù ni mo máa pè é. Ó ń gé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe tò ó ló ń sọ ọ́ di ìtàn. Òun náà ló máa rí i pé ọwọ́ òsì ni òṣèré fi di ife mú nínú ẹyọ kìíní, tó sì ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún nínú ẹyọ kejì. Ìbáramu ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ ní olùṣọ́ ìbáramu tí yóò ti kígbe kí wọ́n tó kúrò níbi tí wọ́n ti ń ya eré.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń múra ìdíje, ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sójú ìwé kan, kí ẹ sì fi dánra wò kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Èyí tí kò bá yọ̀ lẹ́nu yín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá ṣiṣẹ́, ẹ fi kọ́ ẹgbẹ́ mìíràn.