Orúkọ Ẹni tí Ìtàn Ti Ẹnu Rẹ̀ Jáde

Kí ìwé tó dé Ayébọ̀dé, kí ó tó dé Ìkọ̀lé àti gbogbo Èkìtì, ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, àgbà tí yóò bá pa ìtàn kì í ṣàì kọ́kọ́ wí pé, “Bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi, ẹnu bàbá tirẹ̀ ni òun náà sì ti gbọ́ ọ,” nítorí pé ìtàn tí kò ní baba, àwùjọ kì í fún un níjòókòó.

Àṣà yìí ni Àlùfáà Samuel Johnson gbé wọ inú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897. Ó dárúkọ àwọn arọ́kin, apìtàn ààfin Ọ̀yọ́, ó dárúkọ David Kúkọ̀mí ti Ìbàdàn àti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ. Ìwé náà sọnù sí ọwọ́ àwọn atẹ̀wé, Johnson sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ni ó tún un kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ni ìyìn àwọn àgbà wọ̀nyẹn wà. Lọ́pọ̀ ibi nínú ìtàn gan-an, olùkàwé kò lè mọ ohun tí ó ti ẹnu ta ni jáde.

Ọmọ Ìkọ̀lé wà lára àwọn tí ó tún ọ̀nà náà ṣe. J. F. Adé Àjàyí, tí a bí níbẹ̀ ní 1929, kọ ìtàn bí Yorùbá ṣe di èdè àkọsílẹ̀ sínú ìwé àtìgbàdégbà *Odù* ní 1960. Nígbà tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn míṣọ́nnárì jáde ní 1965, ìsàlẹ̀ ojú-ìwé ni ó ti ń tọ́ka sí lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ tí ó ti rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni S. A. Akíntóyè, ọmọ Adó-Èkìtì, ṣe ní 1971 nígbà tí ó kọ ìtàn Èkìtìparapọ̀, àjọṣepọ̀ tí ó bá Ìbàdàn jagun. Oríkì ìwé ni mo ka àwọn ìlà kéékèèké wọ̀nyẹn sí.

Lónìí, ọmọ Ayébọ̀dé tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní ọgbà Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́ tí ó wà ní Ìkọ̀lé kò ní láti fọwọ́ to àkójọ ìwé ìtọ́kasí rẹ̀ mọ́. Láti 1985 ni Oren Patashnik àti Leslie Lamport ti ṣe BibTeX fún ètò ìtẹ̀wé LaTeX: ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn yóò kọ orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé àti ọdún pamọ́, ẹ̀rọ yóò sì máa tò wọ́n bí ilé-ìwé bá ti fẹ́.

Àmọ́ orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, BibTeX kò sì mọ orúkọ wa. Bí a bá tẹ Ọ sí i tààrà, ó lè gé lẹ́tà náà sí méjì nígbà tí ó bá ń ké orúkọ kúrú, a sì to Ọládélé sẹ́yìn Z. Bí a bá fi àṣẹ TeX kọ àmì abẹ́ rẹ̀, á pa Ọ pọ̀ mọ́ O. Biber, ètò mìíràn tí ó ń bá biblatex ti LaTeX rìn, ni ó lè tẹ̀lé ètò ábídí wa, tí Òṣúndáre yóò fi ṣáájú Ọládélé, tí Gbádébọ̀ yóò sì tẹ̀lé Gíwá, bí a bá ti sọ fún un pé lọ́nà ti Yorùbá ni kí ó tò wọ́n.