Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: Bí àwọn oníbàárà ṣe yan GoDaddy lódì nítorí òfin íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà

Nílẹ̀ Yorùbá, bí àwọn ará àdúgbò bá fẹ́ fi ìbínú wọn hàn sí ẹnì kan láìfọwọ́ kàn án, wọn a yàn án lódì. Wọn kò ní í kí i, wọn kò ní í ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì ní í yà sílé rẹ̀. Kò sí ẹgba, kò sí ẹ̀wọ̀n, síbẹ̀ ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí yóò mọ̀ pé òun ti ṣẹ ìlú. Àwọn òyìnbó náà mọ irú ìjà yìí dáadáa. Orúkọ tí wọ́n ń pè é, ìyẹn boycott, jẹ́ orúkọ ọkùnrin kan, Charles Boycott, tí ó ń bá ọlọ́lá kan bójú tó ilẹ̀ ní agbègbè Mayo, lórílẹ̀-èdè Ireland. Lọ́dún 1880, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín owó ilẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ńṣe ni Boycott fẹ́ lé àwọn kan kúrò lórí ilẹ̀ náà. Ni gbogbo àdúgbò bá kẹ̀yìn sí i. Kò rí lébìrà tí yóò bá a kórè, àwọn onísọ̀ọ̀bù kò sì tajà fún un mọ́. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kẹ́rù rẹ̀ kúrò ní Ireland.

Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2011, ohun ìjà àtijọ́ yìí dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn oníbàárà yan GoDaddy lódì, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ lágbàáyé nínú òwò fífi orúkọ ìkànnì sílẹ̀, nítorí pé ó fara mọ́ àbádòfin kan tí wọ́n gbà pé yóò pa àwọn èèyàn lẹ́nu mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò ju ọjọ́ kan lọ tí ariwo náà bẹ̀rẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà fi yí ohùn padà.

Àbádòfin tí ó dá wàhálà sílẹ̀

Àbádòfin méjì ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Sẹ́nétọ̀ Patrick Leahy, tí ó ń ṣojú ìpínlẹ̀ Vermont, ló gbé àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní PIPA, wá sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2011. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, ọdún náà, Lamar Smith láti ìpínlẹ̀ Texas gbé èkejì, tí wọ́n ń pè ní SOPA, wá sílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin. Ohun tí àwọn méjèèjì wà fún ni láti dá àwọn ìkànnì ilẹ̀ òkèèrè tí ó ń pín fíìmù, orin àti àwọn ọjà ayédèrú kiri dúró.

Ẹ̀sùn tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù àti olórin fi kan àwọn ìkànnì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irọ́. Àwọn tí ó ń ṣe fíìmù Yorùbá náà mọ̀ ọ́n lára. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kígbe pé kí fíìmù tuntun tó jáde tán ni àdàkọ rẹ̀ ti máa ń wà lórí àtẹ ní ọjà Alábà, l'Ékòó. Ọ̀nà tí àbádòfin náà fẹ́ gbà tún un ṣe ló di ìjà.

Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ìjọba lè gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ lórí ìkànnì tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn. Àṣẹ yìí yóò mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì dí ọ̀nà ìkànnì náà mọ́ àwọn oníbàárà wọn. Àwọn bíi Google yóò yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí èèyàn lè wá rí, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò dá owó rẹ̀ dúró, àwọn olùpolówó ọjà yóò sì kẹ̀yìn sí i. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ SOPA, ẹni tí ó bá ní òun ni òun ni iṣẹ́ tí wọ́n jí lè kọ ìwé tààrà sí àwọn agbowó àti olùpolówó wọ̀nyí, láìkọ́kọ́ dé ilé-ẹjọ́.

Àwọn tí ó ta ko àbádòfin náà ní ohun tí àwọn àgbà máa ń wí ló máa ṣẹlẹ̀: bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ìkànnì tí ẹgbàágbèje èèyàn ń kọ ọ̀rọ̀ sí lójoojúmọ́ lè rí i pé wọ́n ti òun pa nítorí ohun tí ẹnì kan ṣoṣo gbé síbẹ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ 83 kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin pé dídí ọ̀nà orúkọ ìkànnì yóò ba ìpìlẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́. Vint Cerf, tí ó wà lára àwọn tí ó pilẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì gan-an, fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Àwọn tí kò gbé Amẹ́ríkà náà kò yọ sílẹ̀, nítorí pé ibi tí wọ́n ti fi orúkọ ìkànnì sílẹ̀ ni àbádòfin náà fi ń mọ ìkànnì ilẹ̀ òkèèrè. Ìkànnì tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí .ng, bíi ti Nàìjíríà, àjèjì ni lójú rẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé aṣojú-ṣòfin jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, àwọn mẹ́fà ni wọ́n pè wá sọ̀rọ̀, aṣojú Google nìkan ló sì ta ko àbádòfin náà tààrà láàárín wọn.

Orúkọ kan nínú ìwé

Ìgbìmọ̀ náà tẹ orúkọ àwọn tí ó ń ti SOPA lẹ́yìn jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tí ó wà níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún: àwọn oníṣẹ́ fíìmù, àwọn tí ó ń gbé orin jáde, àwọn olùtẹ̀wé, àwọn tí ó ń ṣe òògùn àti ìpara. Orúkọ GoDaddy wà láàárín wọn. Bí àwọn èèyàn ṣe ń ka ìwé náà ni wọ́n rí i pé ti GoDaddy yàtọ̀. Àwọn tí wọ́n ní ìkànnì, tí òfin náà lè kàn, gan-an ni oníbàárà rẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí GoDaddy ń tà. Bí ilé ṣe ní nọ́ńbà ni ìkànnì kọ̀ọ̀kan ṣe ní orúkọ tirẹ̀. A kì í ra orúkọ yìí pa. Owó ọdọọdún ni wọ́n ń san lórí rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí ó bá wọn fi í sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Arizona ni GoDaddy wà. Bob Parsons ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1997, nígbà tí ọdún 2011 sì fi ń parí lọ, nǹkan bí mílíọ̀nù 50 orúkọ ló wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀. Àmọ́ òun nìkan kọ́ ló ń ṣe òwò yìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ mọ́ lè gba kóòdù orúkọ rẹ̀, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí ó san owó ọdún kan níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó parí, ìkànnì rẹ̀ kò sì ní í yí padà lójú àwọn tí ó ń kà á.

Ní ọjọ́ 22, oṣù Kejìlá, ẹnì kan kọ ọ́ sórí Reddit pé òun ti ń kó orúkọ 51 tí ilé-iṣẹ́ kékeré òun ní kúrò lọ́dọ̀ GoDaddy. Ó dábàá pé kí gbogbo ẹni tí inú ń bí kó tiwọn kúrò ní ọjọ́ 29. GoDaddy fèsì pé lóòótọ́ ni àwọn kan ń kọ lẹ́tà sí àwọn, ṣùgbọ́n kò tíì pa òwò àwọn lára. Èsì yìí tún dáná sí i ni. Ben Huh, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Cheezburger, ní bí GoDaddy kò bá yí padà, àwọn yóò kó orúkọ tí ó lé ní 1,000 kúrò níbẹ̀. Jimmy Wales, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Wikipedia sílẹ̀, ní àwọn orúkọ Wikipedia náà kò ní í dúró. Àwọn tí ó ń bá GoDaddy du ọjà kò sùn: Namecheap dín owó kù fún àwọn tí ó ń bọ̀, ó sì ṣèlérí pé lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá dé ní ọjọ́ 29, àwọn yóò ta ẹgbẹ́ Electronic Frontier Foundation, tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́rẹ owó.

Ní ọjọ́ 23, Warren Adelman, ọ̀gá àgbà GoDaddy, kéde pé àwọn kò ti SOPA lẹ́yìn mọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn kan náà, orúkọ tí ó ju 21,000 lọ ló kúrò lọ́wọ́ wọn. Àwọn oníbàárà ní pé èèyàn kò ti nǹkan lẹ́yìn mọ́ kò túmọ̀ sí pé ó ta kò ó. Nígbà tí ọjọ́ 29 pé, GoDaddy sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn ta ko SOPA.

Owó kọ́ ló dùn wọ́n jù

Bí a bá fi ìṣirò wò ó, ọgbẹ́ náà kò jìn. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún nínú àádọ́ta mílíọ̀nù kò tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún méjì. Ní ọjọ́ 29 tí wọ́n dá gan-an, orúkọ tí ó wọlé sọ́dọ̀ GoDaddy ju èyí tí ó jáde lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ kò gbọ́ nípa ìjà náà rárá.

Kí ló wá dé tí ilé-iṣẹ́ náà fi tètè gbà? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú irú àwọn tí ó ń lọ. Àwọn ni ọ̀rẹ́ àti ẹbí máa ń bi léèrè pé níbo ni kí àwọn ti ra orúkọ ìkànnì. Bí irú wọn bá jáde pẹ̀lú ìbínú, wọn kì í dá nìkan jáde. Ìwé ìròyìn sì ń ka iye wọn lójoojúmọ́, ní àkókò Kérésìmesì tí ìròyìn kò pọ̀.

Àwọn mìíràn tẹ̀lé ipa ọ̀nà yìí. Mark Kern, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Red 5 Studios tí ó ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, ní àwọn kò ní í lọ sí ìpàtẹ ńlá E3, nítorí pé ẹgbẹ́ tí ó ń ṣètò rẹ̀ ń ti SOPA lẹ́yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Kánádà ṣe ètò kan fún fóònù: bí èèyàn bá fi fóònù wo àmì ìlà-ìlà tí ó wà lára ọjà, yóò sọ fún un bóyá ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é wà lára àwọn alátìlẹ́yìn SOPA.

Ohun tí ó pa àbádòfin náà gan-an ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 18, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2012. Wikipedia ti abala Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún wákàtí 24, Reddit ti tirẹ̀ fún wákàtí 12, Google sì fi aṣọ dúdú bo orúkọ rẹ̀. Èèyàn tí ó ju mílíọ̀nù 162 lọ ló bá ìlẹ̀kùn Wikipedia ní títì. Mílíọ̀nù mẹ́jọ nínú wọn lo ibẹ̀ láti wá bí wọn yóò ṣe kàn sí aṣòfin wọn, mílíọ̀nù méje sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú Google. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ọ́fíìsì àwọn aṣòfin. Ní ọjọ́ 20, Harry Reid, olórí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù nílé aṣòfin àgbà, sún ìbò PIPA tí ó yẹ kí ó wáyé ní ọjọ́ 24 síwájú, Lamar Smith náà sì gbé SOPA tì. Wọn kò dìbò lé wọn lórí títí òní.

Ní ọjọ́ 19, láàárín ìgbà yẹn gan-an, ìjọba Amẹ́ríkà ti Megaupload pa lórí ẹ̀sùn pípín iṣẹ́ oníṣẹ́ kiri. Òfin tí ó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é.

Ibi tí ọ̀nà mìíràn kò sí

Ìyannilódì kì í ṣe òògùn gbogbo àìsàn. Ó jẹ́ lọ́dọ̀ GoDaddy nítorí pé ẹni tí wọ́n ń bá jà ní orúkọ, ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣe kò ju agbára rẹ̀ lọ, ọjà tí ó ń tà sì wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Níbi tí ọ̀nà mìíràn kò bá sí, àfi kí àwọn oníbàárà lànà fúnra wọn. Ohun tí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe nìyẹn ní Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama, lọ́dún 1955 sí 1956, nígbà tí wọ́n kọ bọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún ọjọ́ 381. Wọ́n rìn, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ara wọn gbé ara wọn.

Ní Nàìjíríà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de Twitter ní oṣù Kẹfà, ọdún 2021, àṣẹ náà mú gbogbo ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí èyí tí oníbàárà lè sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ bá èkejì. Àwọn kan ń fi VPN yọ́ wọlé, àwọn kan sì gba ilé-ẹjọ́ ECOWAS lọ. Ní oṣù Keje, ọdún 2022, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ìjọba ti mú àṣẹ náà kúrò, ilé-ẹjọ́ náà dájọ́ pé kò bá òfin mu.

Wikipedia náà mú ìlérí ṣẹ: ní oṣù Kẹta, ọdún 2012, wọ́n kó àwọn orúkọ wọn kúrò lọ́dọ̀ GoDaddy. GoDaddy kò kógbá wọlé, òwò rẹ̀ kò sì rẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ fi orúkọ sábẹ́ irú àbádòfin bẹ́ẹ̀ lónìí mọ̀ pé àwọn oníbàárà òun lè ka ìwé náà, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.