Yàrá Ní Olóhun, Òrùlé Kò Ní: Ìtàn Àtúnṣe Ilé Àgùdà ní Ìlú Èkó

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òwe yìí ni a sábà máa ń pa nígbà tí nǹkan àtijọ́ bá bàjẹ́ tí a sì ń gbèrò láti tún un ṣe. Ohun tí òwe náà gbé kalẹ̀ ni pé àtúnṣe a máa mú kí ilé dára ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ yìí fẹ́ yẹ òwe náà wò nípa ìtàn. Ilé tí a óò fi yẹ̀ ẹ́ wò ni ilé Àgùdà, ìyẹn irú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí àwọn tí ó ti oko ẹrú Bùràsíìlì àti Kúbà padà bọ̀ kọ́ sí ìlú Èkó ní ìdajì ìkejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ẹni tí ó bá wọ inú ọ̀kan nínú àwọn ilé wọ̀nyí yóò rí ohun kan tí ó ṣe àjèjì. Yàrá kan lè wà níbẹ̀ tí ọ̀dà ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, tí táìlì ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, tí àjà rẹ̀ sì funfun. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó gbójú sókè, yóò rí ojú ọ̀run láti inú ihò páánù. Ìbéèrè wa ni èyí: kí ni ó dé tí ilé tí a kò yé tún ṣe fi ń wó? Èrò tí a ó gbé kalẹ̀ ni pé ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú àìní owó nìkan, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Inú bí a ti ń jogún ilé ni ó wà. Yàrá ní olóhun. Òrùlé kò ní.

2. Àtúnṣe ilé kí àwọn Àgùdà tó dé

Kí a tó dé orí ilé Àgùdà, ó yẹ kí a rántí bí a ti ń tún ilé ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá tẹ́lẹ̀. Amọ̀ ni a fi ń mọ ògiri agboolé, ní ìpele-ìpele. Ìpele kan yóò gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Koríko bẹẹrẹ ni a fi ń bo ilé ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ewé gbọ̀dọ̀gì sì ni ní ilẹ̀ igbó. Kò sí èyí tí ó ń pẹ́ títí nínú àwọn ohun ìbolé wọ̀nyí. Nítorí náà, àtúnṣe kì í ṣe ohun tí a ń dúró de ìbàjẹ́ kí a tó ṣe. Ó ní àsìkò tirẹ̀ nínú ọdún, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ oko ti ní.

Iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ọ̀wẹ̀ ni a fi ń ṣe é. Bí ilé àna bá fẹ́ ìbò, ọkọ ọmọ ni yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀, N. A. Fádípẹ̀, nínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1970, ka ọ̀wẹ̀ kún ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọ̀nà tí àwọn ènìyàn fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ní ti ààfin Ọ̀yọ́, gbogbo ìjọba ni ó ní ọwọ́ sí òrùlé rẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, ṣe àpèjúwe ọdún Bẹẹrẹ, nínú èyí tí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin ń gbé koríko ìbolé wá fún un. Ìforíbalẹ̀ fún ọba ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òrùlé náà ni pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Àwọn obìnrin olórìṣà ni ó ń fi àwọ̀ kun ojúbọ kí ọdún òrìṣà tó kò. Wọn kì í ronú pé kí àwòrán náà wà títí láé; orí ti èṣí ni wọ́n ń kun ti ọdún yìí sí.

Ohun tí a rí dì mú nínú èyí ni pé ilé àtijọ́ kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ àti ẹgbẹ́ tí ó ń tún un ṣe a máa pẹ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni òwe ilé ọba ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

3. Ilé Àgùdà àti àwọn tí ó kọ́ ọ

Láàárín ọdún 1830 sí 1840, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú dì ní Bahia ní 1835, ni àwọn tí a ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí etíkun wa. Wọ́n pọ̀ sí i ní Èkó lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba ìlú náà ní 1861. Àdúgbò tí wọ́n tẹ̀dó sí ni a mọ̀ sí Pópó Àgùdà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó mọ iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà. João Baptista da Costa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú kíkọ́ mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Bey tí a ṣí ní 1894. Àwọn ọmọ iṣẹ́ irú wọn ni ó gbé ọnà náà wọ ìlú òkè, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí owó kòkó dé, ilé tí ó jọ ti Àgùdà di àmì ọlá ní Ìbàdàn, Iléṣà, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọ̀ṣogbo. Marianno Carneiro da Cunha kọ ìwé kan lórí àwọn ilé yìí tí a tẹ̀ jáde ní 1985, Pierre Verger ni ó sì ya àwòrán inú rẹ̀.

Bí ilé náà ti rí kò ṣòroó mọ̀. Ògiri rẹ̀ nípọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan la àárín rẹ̀ já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá sì wà ní ọ̀tún àti òsì. Pálọ̀ wà níwájú, fún àlejò. Ilé ìdáná àti ibi ìwẹ̀ wà ní àgbàlá. Òdòdó tí a fi ọwọ́ mọ wà ní àyíká fèrèsé, fèrèsé náà sì jẹ́ ti pákó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí gba ipò tí àgbàlá agboolé wà tẹ́lẹ̀: ibẹ̀ ni gbogbo ará ilé ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni ọmọdé ń ṣeré, ibẹ̀ sì ni ìjà ilé ti ń bẹ̀rẹ̀.

4. Bí yàrá ṣe di ogún

Ẹni tí ó kọ́ ilé náà nìkan ni ó ni ín, nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí ó bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ó di ilé ẹbí. Ilé ẹjọ́ ní Èkó fi ìdí èyí múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé ní 1908. Gbogbo ọmọ ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ilé bàbá wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, tí Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù dá ní 1962, a tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé pínpín ogún ní ìdí-igi, ìyẹn ní iye ìyá tí ó bímọ fún olóògbé, ṣì jẹ́ òfin Yorùbá. Orí-ò-jorí ni ọ̀nà kejì tí olórí ẹbí lè lò bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀.

Ilé kò ṣeé gé bí iṣu. Yàrá ni ẹbí ń pín, fún gbígbé tàbí fún owó ilé. Ìdí-igi kan gba yàrá méjì iwájú, òmíràn gba ti òkè. Ṣùgbọ́n ta ni ó gba òrùlé? Ta ni ó gba àtẹ̀gùn? Wọ́n jẹ́ ti gbogbo ẹbí. Òfin tún sọ nǹkan mìíràn tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le sí i: ẹni tí ó bá fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe, ilé ẹbí ni ilé náà yóò ṣì máa jẹ́. Òfin yìí dára, nítorí ó ń dáàbò bo tálákà inú ẹbí lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ni ó ń mú kí ọlọ́rọ̀ ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

5. Àtúnṣe ní yàrá sí yàrá

5.1 Pálọ̀. Pálọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń yí padà, nítorí pé òun ni àlejò ń rí. Nígbà tí yàrá kò bá kárí mọ́, a ó fi pákó dá a sí méjì. Báyìí ni ibi tí gbogbo ẹbí ti ń pàdé ṣe ń di yàrá ẹnì kan. Àwòrán bàbá tí ó kọ́ ilé a sì kúrò lára ògiri, a bọ́ sínú àpótí.

5.2 Yàrá ibùsùn. Ẹni tí ó bá ní owó yóò fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri yàrá tirẹ̀. Èyí dára lójú, ṣùgbọ́n ó lè pa ògiri. Ògiri amọ̀ a máa fa omi mu, a sì máa mí in jáde. Láìmù, tí a rí láti ara òkúta ẹfun tí a fi iná sun, gba èyí láyè. Sìmẹ́ǹtì kò gbà á. Omi yóò há sí inú ògiri, amọ̀ yóò rọ̀, sìmẹ́ǹtì yóò sì ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo. Olówó yàrá yóò tún un rẹ́, kí ó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

5.3 Fèrèsé. Fèrèsé pákó ń dènà oòrùn, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti onígíláàsì pẹlẹbẹ tí a ń pè ní lúfà dé, lẹ́yìn ìyẹn ni ti alumíníọ̀mù tí a ń fà. Nítorí pé igun mẹ́rin ni àwọn tuntun wọ̀nyí ní, a gbọ́dọ̀ di orí fèrèsé tí ó tẹ̀ kọrọdọ kí wọ́n tó lè wọ̀ ọ́. Òdòdó tí ó wà ní àyíká rẹ̀ a sì lọ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá dúró ní ìgboro lè ka iye olóhun tí ó wà nínú ilé kan nípa kíka irú fèrèsé tí ó wà lára rẹ̀.

5.4 Ilé ìdáná àti ibi ìwẹ̀. Ìwọ̀nyí ti àgbàlá wọ inú ilé. Ìmọ́tótó ni a fi rò ó, kò sì sí ẹni tí yóò dá àwọn ará ilé lẹ́bi. Ṣùgbọ́n pákó ni ilẹ̀ òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Omi tí ó ń jò lábẹ́ balùwẹ̀ òkè a máa jẹ igi ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà, ikán a sì tẹ̀ lé omi.

5.5 Ọ̀dẹ̀dẹ̀, àtẹ̀gùn àti òrùlé. Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. A kò rí ẹni tí yóò fi owó yàrá rẹ̀ ra páánù tí yóò bo orí àbúrò ìyàwó bàbá rẹ̀. Bí òrùlé bá ń jò, onílé òkè yóò gbé ike sábẹ́ rẹ̀. Láti òrùlé ni omi ti ń wọ orí ògiri, láti orí ògiri ni ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Báyìí ni gbogbo owó tí a ná ní yàrá-yàrá ṣe ń bá omi lọ.

6. Ìjáǹbá Ilojo Bar

Ilé tí a mọ̀ sí Ilojo Bar, ní Tinúbú, ni ẹbí Fernandez kọ́ ní 1855. Ó bọ́ sí ọwọ́ ẹbí Ọláìyá ní 1933. Ní 1956 ni ìjọba kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Òfin tí ó dá àjọ àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní 1979 sì ka bíba irú ohun bẹ́ẹ̀ jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016, a wó o lulẹ̀. Ọdún ọgọ́ta ni ó fi jẹ́ ohun ìrántí. Orúkọ nìkan kò lè di ihò páánù.

Ẹnì kan lè sọ pé owó ilẹ̀ Èkó ni ó fa irú èyí, pé kò sí ilé àtijọ́ tí ó lè bá iye tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tó jà. Òótọ́ wà níbẹ̀. A kò sì gbàgbé pé ìjọba fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn Èkó ní 1955, tí ó ń kó àwọn ẹbí lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris kọ ìwé lórí ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀ láàárín wọn ní 1961. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Bey. Erékùṣù Èkó kan náà ni ó wà, ọnà Àgùdà kan náà ni a fi kọ́ ọ, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ náà sì níye lórí. Ó ṣì dúró. Kò ní yàrá tí ọmọ kan lè jogún; ìjọ tí ó ń kírun níbẹ̀ ni ó ni òrùlé rẹ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé bí a ti ń tún ilé Àgùdà ṣe tẹ̀ lé bí a ti ń pín in. Àtúnṣe yàrá kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Olúkúlùkù ń tọ́jú ibi tí òfin àti ẹbí fi lé e lọ́wọ́. Ohun tí ó sọnù láàárín agboolé àti pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni ọ̀wẹ̀ tí ó jẹ́ kí òrùlé ní olóhun.

Fún ìdí èyí, ìmọ̀ràn méjì ni a ní. Èkíní, kí ẹbí tí ó bá ṣì ní irú ilé bẹ́ẹ̀ máa yọ ìdá kan sílẹ̀ nínú owó ilé fún òrùlé, kí ẹnikẹ́ni tó kun yàrá. Èkejì kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn: kí a máa ya àwòrán yàrá kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí bíríkìlà tó wọlé. Ìpele ọ̀dà ara ògiri, pákó tí ó dá pálọ̀ sí méjì àti fèrèsé mẹ́ta tí kò jọra jẹ́ ẹ̀rí nípa ìyá mélòó ni ó bímọ nínú ilé náà, ta ni ó rí owó, àti ta ni kò rí.

Ní ti òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀, kò parọ́. Ilé ọba ni ó dárúkọ, nítorí gbogbo ìlú ni ó ń ru koríko lọ síbẹ̀. Kò dárúkọ ilé ẹbí.